Gíga Táǹkì àti Ihò Ara Ògiri: Ohun Tó Yẹ Kí Ẹ Mọ̀ Kí Ẹ Tó Ra Ohun Èlò Bálùwẹ̀

Nígbà tí à ń parí ilé ìyá mi, èmi ni wọ́n fi owó rán lọ ra ohun èlò bálùwẹ̀. Mo rí W.C. kan lọ́jà tó funfun bí ẹ̀gbọ̀n òwú, tí ìdérí rẹ̀ ń rọra balẹ̀ fúnra rẹ̀, owó rẹ̀ kò sì kọjá ohun tí wọ́n kó lé mi lọ́wọ́. Mo rà á. Nígbà tí a tú u nínú páálí, pọ́ńbà wa dojú rẹ̀ délẹ̀, ó wo ìdí rẹ̀ títí, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ilẹ̀ ni ihò eléyìí kọjú sí. Ihò tiwa, ara ògiri ló wà." Ọlọ́jà tó tà á kò gbà á padà. Odidi oṣù kan ni W.C. náà fi wà ní kọ̀rọ̀ ilé kí a tó rí ẹni rà á lọ́wọ́ wa, ìdajì owó ló sì san.

Ojú ni ọ̀pọ̀ wa fi ń yan ohun èlò bálùwẹ̀, bí ẹni ń yan aṣọ ẹbí. Bẹ́ẹ̀, ilé ti bá wa yan èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀ kí a tó dé ọjà. Ihò tí wọ́n fi sílẹ̀ fún páìpù, bí táǹkì ṣe ga tó, àti irú omi tó ń jáde nínú kànga yín ló máa sọ ohun tó máa ṣiṣẹ́ àti èyí tí kò ní ṣiṣẹ́. Ẹ mọ àwọn yìí ná. Lẹ́yìn náà, ẹ yan àwọ̀ tó bá wù yín.

Ìdí W.C.

Orúkọ méjì ni ẹ máa gbọ́ lẹ́nu pọ́ńbà àti ọlọ́jà: P-trap àti S-trap. Bí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ṣe rí ni páìpù tó wà ní ìdí W.C. ṣe tẹ̀. Ti P ń gba ẹ̀yìn jáde, ó ń wọ inú ògiri lọ. Ti S tún ṣẹ́rí padà sísàlẹ̀, ilẹ̀ ló ń wọ̀. Àwọn ilé kan wà tó jẹ́ pé P ni gbogbo bálùwẹ̀ wọn, àwọn mìíràn dà á pọ̀, P lókè, S nísàlẹ̀. Ẹ má fojú dá a. Ẹ lọ bẹ̀rẹ̀ wò ó, tàbí kí ẹ ní kí pọ́ńbà yín fi ìka tọ́ka sí i.

Wíwọ̀n ló kàn. Bó bá jẹ́ S ni, láti ojú ògiri tó wà lẹ́yìn W.C. dé àárín gbùngbùn ihò ni kí ẹ wọ̀n. Sẹ̀ǹtímítà 30 ló wọ́pọ̀, òun ni àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè ní íńṣì 12, ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n ṣe fún sẹ̀ǹtímítà 40 náà ń wọlé láti Ṣáínà. Bí ihò yín bá wà ní 30 tí ẹ wá ra ti 40, ẹ̀yìn W.C. máa lu ògiri kí ìdí rẹ̀ tó bá ihò. Bí ó bá sì jẹ́ òdì-kejì rẹ̀, àlàfo máa wà lẹ́yìn rẹ̀ tí ọwọ́ máa wọ̀ tí aáyán náà máa wọ̀. Bó bá jẹ́ P ni, ẹ wọ̀n láti ilẹ̀ sókè dé àárín ihò. Sẹ̀ǹtímítà 18 ló wọ́pọ̀ jù.

Ojú ògiri àti ilẹ̀ tí mò ń wí yìí, ojú táìlì ni, kì í ṣe ojú búlọ́ọ̀kù. Sìmẹ́ǹtì tí wọ́n máa fi rẹ́ ògiri àti táìlì fúnra rẹ̀ lè jẹ sẹ̀ǹtímítà 3 tàbí 4 nínú ohun tí ẹ wọ̀n. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìṣe: wọ́n wọ̀n ọ́n nígbà tí ilé ṣì wà ní búlọ́ọ̀kù, wọ́n sì gbàgbé pé ògiri ṣì máa wú.

Ẹ lè béèrè pé kí ló fa títẹ̀ tí páìpù náà tẹ̀ ná, ṣé kò lè lọ tààrà ni? Omi díẹ̀ máa ń dúró níbi tó ti tẹ̀ yẹn, ó jìn tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 5, òun ni kì í jẹ́ kí òórùn ṣọ́kàwéè wọ inú ilé. Alexander Cumming, ọmọ Scotland kan tó ń ṣe aago ní London, ló gba ìwé àṣẹ ìjọba lórí W.C. tí páìpù rẹ̀ tẹ̀ bíi S ní ọdún 1775, ọgbọ́n kan náà la ṣì ń lò dòní. Ìdí nìyẹn tí bálùwẹ̀ fi máa ń rùn nígbà tí ẹ bá ti ilé abúlé pa láti Iléyá títí di Kérésì. Kì í ṣe pé ṣọ́kàwéè kún, omi ibi títẹ̀ náà ló gbẹ. Garawa omi kan ni oògùn rẹ̀. Ihò ilẹ̀ tí omi ìwẹ̀ ń gbà lọ náà yẹ kó ní irú títẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bí aáyán bá ń jáde níbẹ̀ lóru, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò, ó ṣeé ṣe kí wọ́n má fi sí i.

Lára páálí W.C. ẹ tún máa rí ọ̀rọ̀ méjì mìíràn: washdown àti siphonic. Washdown ń da omi lu ìgbẹ́ láti òkè, ó ń fi agbára tì í lọ, ọ̀nà tó ń gbà jáde sì fẹ̀. Siphonic ní páìpù tóóró tó gùn, tó ń fa gbogbo ohun tó wà nínú àwo náà mu bí ẹni ń fi sítíróò fa ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Siphonic kì í pariwo, omi tó dúró nínú rẹ̀ sì pọ̀, ìdọ̀tí kì í lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n tóóró tí páìpù rẹ̀ tóóró, kò pẹ́ dí. Èrò tèmi ni pé washdown ló bá ilé wa mu. Lọ́jọ́ tí iná bá lọ tí táǹkì gbẹ, garawa ni gbogbo wa ń fi ṣàn án, washdown kì í sì í bá garawa jà. Ilé tí ọmọ kékeré bá wà, tí ẹnikẹ́ni lè sọ ohunkóhun sínú rẹ̀, kí ọ̀nà fẹ̀ ló dára.

Ẹ wo iye omi tó ń lò pẹ̀lú. Àwọn W.C. àtijọ́ ń da lítà 9, 13, kódà jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́ẹ̀kan. Ní Amẹ́ríkà, òfin tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí W.C. inú ilé ní 1994 sọ ọ́ di lítà 6. Àwọn ará Ọsirélíà ló ti gbé èyí tó ní bọ́tìnnì méjì jáde ṣáájú, ní nǹkan bí ọdún 1980: kékeré fún ìtọ̀, ńlá fún ìgbẹ́. Èyí tó ń lo lítà 3 àti 6 ló pọ̀ lọ́jà báyìí. Ẹ jẹ́ ká fi ilé ẹlẹ́ni mẹ́fà ṣírò rẹ̀. Bí ẹnì kọ̀ọ̀kan bá lo W.C. lẹ́ẹ̀márùn-ún lóòjọ́, W.C. onílítà 9 máa gba lítà 270. Onibọ́tìnnì méjì, bí ẹnì kọ̀ọ̀kan bá tẹ ńlá lẹ́ẹ̀kan tó sì tẹ kékeré lẹ́ẹ̀mẹrin, lítà 108 ló máa gbà. Ẹni tó ń fi jẹnẹrétọ̀ fa omi láti inú kànga mọ ohun tí lítà 162 túmọ̀ sí lójoojúmọ́.

W.C. tó lẹ̀ mọ́ ògiri, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kan ilẹ̀, tí táǹkì rẹ̀ sì fara pa mọ́ sẹ́yìn táìlì, ẹwà rẹ̀ kò lẹ́gbẹ́, ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ sì rọrùn láti gbá. Ṣùgbọ́n ẹ bi ọlọ́jà kí ẹ tó sanwó: "Ṣé ẹ ń ta inú rẹ̀ lọ́tọ̀?" Bí kò bá sí lọ́wọ́ rẹ̀, tí kò sì mọ ẹni tó ní in, ẹ fi sílẹ̀. Ọjọ́ tí ohun kékeré kan bá bàjẹ́ nínú táǹkì yẹn tí ẹ kò rí irú rẹ̀ rà, ẹ lè fọ́ táìlì.

Fún àgbàlagbà, gíga ìjókòó ṣe pàtàkì ju gbogbo ẹwà lọ. Èyí tó wọ́pọ̀ máa ń wà láàárín sẹ̀ǹtímítà 38 sí 43. Èyí tó ga dé 43 sí 48 wà, orúnkún ìyá mi ló sì kọ́ mi ní iyì rẹ̀. Irin ìdìmú kan lára ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kò wọ́n, kò sì yẹ kí ẹ dúró di ìgbà tí ẹnì kan bá ṣubú kí ẹ tó fi í síbẹ̀.

Gíga táǹkì, kì í ṣe títóbi rẹ̀

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn tó ń kọ́lé: "Táǹkì ńlá ni mo fẹ́ rà, kí omi lè máa jáde dáadáa." Títóbi táǹkì kò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú agbára tí omi fi ń jáde. Táǹkì onílítà 500 tó wà lórí irin gíga máa le ju onílítà 5,000 tó wà nísàlẹ̀ lọ. Gíga nìkan ló ń fún omi lágbára.

Bar ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n lára páálí. Gíga mítà 10 ń fúnni ní nǹkan bíi bar 1, mítà kan ṣoṣo sì ń fúnni ní ìdá kan nínú mẹ́wàá rẹ̀. Ẹ wá wo ilé onílẹ̀ẹ́lẹ̀ kan tí ìdí táǹkì rẹ̀ wà ní mítà 4 sílẹ̀, tí ojú ṣáwà sì wà ní mítà 2. Mítà 2 ló wà láàárín wọn. Nígbà tí táǹkì bá kún, ẹ lè fi mítà kan sí i. Ìyẹn jẹ́ 0.2 sí 0.3 bar. Ẹ yẹ páálí ọ̀pọ̀ ṣáwà tó ń wọlé láti Yúróòpù wò, ẹ máa rí i pé ó kéré tán, 0.5 tàbí 1 bar ni wọ́n ń béèrè. Ilé tí wọ́n ṣe é fún, omi tó wọ ibẹ̀ láti ojú títì ti ní agbára lára. Tiwa, orí táǹkì ló ti ń ṣàn bọ̀.

Ìdí nìyí tí ṣáwà ńlá bí àwo ìjẹun, èyí tí wọ́n ń pè ní ṣáwà òjò, fi ń já ọ̀pọ̀ èèyàn kulẹ̀. Ní ọjà, fọ́tò obìnrin tó ń wẹ̀ lábẹ́ rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Nílé, omi ń rọ́ tọ́tọ́ láti àárín rẹ̀, etí rẹ̀ gbẹ. Ṣáwà náà kò bàjẹ́. Omi tó máa kún ojú rẹ̀ kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni.

Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tún ní tirẹ̀. Bí táǹkì bá wà lórí òrùlé, bálùwẹ̀ ìsàlẹ̀ ló máa ní omi tó le, nítorí òun ló jìnnà sí táǹkì jù. Ti òkè, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan táǹkì, ló máa rọ jù. Yàrá olórí ilé sì sábà máa ń wà lókè, ibẹ̀ náà ni wọ́n máa ń gbé ṣáwà olówó ńlá sí. Bí ẹ bá ní irú rẹ̀ méjì, ọ̀kan olówó ńlá, ọ̀kan kékeré, ìsàlẹ̀ ni kí ẹ fi èyí tó ń jẹ omi sí.

Kí ẹ tó ra ohunkóhun, ẹ ṣe ìdánwò yìí. Ẹ mú rọ́bà ọ̀dà, èyí tí àwọn ìyá ọlọ́jà fi ń wọn gààrí. Lítà 4 ló ń gbà. Ẹ ṣí ẹnu páìpù tí ṣáwà máa wà dé ìparí, ní gíga tó máa wà gan-an, kí ẹ sì wo aago. Bí rọ́bà náà bá kún ní ìṣẹ́jú àáyá 30, lítà 8 ni ẹ ní láàárín ìṣẹ́jú kan, ṣáwà tó dára máa ṣiṣẹ́ dáadáa níbẹ̀. Bí ó bá gbà tó ìṣẹ́jú kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ ra ṣáwà kékeré, olójú díẹ̀ tí ihò rẹ̀ kò pọ̀, èyí tí wọ́n kọ sí i lára pé ó ń lo agbára omi kékeré. Bí kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ gbé táǹkì sókè sí i, tàbí kí ẹ fi ẹ̀rọ kékeré tó ń ti omi sí ojú ọ̀nà. Ẹ̀rọ náà dára, ṣùgbọ́n iná ló ń jẹ. Lọ́jọ́ tí iná bá lọ, ẹ padà síbi tí ẹ ti ń bọ̀.

Páìpù tó fẹ̀ kò lè fi agbára kún omi, ṣùgbọ́n kì í jẹ́ kí èyí tó wà ṣòfò sójú ọ̀nà. Ẹ jẹ́ kí páìpù oníínṣì kan sọ̀ kalẹ̀ láti táǹkì, kí ẹ tó wá fi tíńtín-ín oníwọ̀n ìdajì íńṣì parí rẹ̀ lẹ́nu ẹ̀rọ. Pọ́ńbà tó bá fi ìdajì íńṣì fa gbogbo rẹ̀ láti òkè délẹ̀, ó ti jí agbára omi yín.

Idẹ àti ohun tó jọ idẹ

Ẹnu ẹ̀rọ ni mo rò pé àwọn èèyàn ń pàdánù owó sí jù, nítorí gbogbo wọn ń dán bákan náà lórí àtẹ. Abẹ́ dídán yẹn ni ọ̀rọ̀ wà. Nínú rẹ̀ lè jẹ́ idẹ, ó lè jẹ́ irin tí kì í dípẹtà, ó lè jẹ́ síǹkì, ó sì lè jẹ́ ike tí wọ́n fi kúróòmù pa lára. Idẹ kan náà tí a fi ń ki Ọ̀ṣun, a-fidẹ-rẹmọ, ni mo gbà yín nímọ̀ràn kí ẹ wá. Omi kì í tètè jẹ ẹ́. Síǹkì ni omi máa ń jẹ láti inú, dídán ara rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í wú bí ẹni tí egbò yọ lára, lọ́jọ́ kan ọrùn rẹ̀ á ṣẹ́ sọ́wọ́ ẹni tó ń ṣí i.

Ọ̀nà tí ẹ lè fi dá wọn mọ̀: ẹ gbé méjì tó tóbi bákan náà sọ́wọ́, idẹ máa wúwo ju síǹkì lọ. Ẹ yí i padà, ẹ wo inú ẹsẹ̀ rẹ̀ níbi tí wọn kò pa kúróòmù dé. Bó bá pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bíi wúrà àtijọ́, idẹ ni. Bó bá rí bí eérú, síǹkì ni. Òkúta máágínẹ́ẹ̀tì kò lè ràn yín lọ́wọ́ níbí, torí kì í mú idẹ, kì í sì í mú síǹkì.

Èyí tí ẹ bá rà, ẹ bi wọ́n léèrè ohun tó ń ti omi pa nínú rẹ̀. Ti àtijọ́ ń lo rọ́bà kékeré, ẹ máa yí i lẹ́ẹ̀mẹta tàbí mẹ́rin kó tó ṣí. Rọ́bà náà tètè ń jẹ, ṣùgbọ́n kò wọ́n. Ti ìgbàlódé ń lo pẹlẹbẹ tánganran méjì tó ń fara ra ara wọn, ẹ yí i díẹ̀, omi ti dé. Ó máa ń pẹ́ gan-an, àfi bí yanrìn bá wọ àárín wọn. Bí omi kànga yín bá ń gbé yanrìn, ẹ fi asẹ́ sí ojú ọ̀nà kí omi tó wọlé, ẹ sì ra èyí tí ọlọ́jà ń ta inú rẹ̀ lọ́tọ̀. Ti ẹ̀rọ ọlọ́wọ́ kan tó ń da gbígbóná àti tútù pọ̀, mílímítà 35 àti 40 ni ìwọ̀n inú rẹ̀ tó wọ́pọ̀. Ẹ kọ ti yín sílẹ̀.

Irin pọ̀ nínú omi kànga ní ọ̀pọ̀ ibi ní Èkó; ẹ máa rí i bí ó ṣe ń fa àmì pupa sínú W.C. funfun àti bésìn. Ibòmíràn, ẹfun omi líle ló ń lẹ̀ mọ́ nǹkan. Ohun dúdú àti aláwọ̀ wúrà ló máa ń fi ẹfun hàn jù. Kúróòmù ń bò ó díẹ̀. Bí omi bá ń kéré sí i lẹ́nu ẹ̀rọ bésìn, ẹ tú asẹ́ kékeré tó wà lẹ́nu rẹ̀, ẹ rẹ ẹ́ sínú fínẹ́gà, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ dá a padà.

Bésìn kò le. Ẹ kàn ṣọ́ra fún ihò kékeré tó wà lókè inú rẹ̀, èyí tí kì í jẹ́ kó kún dà sílẹ̀. Bí bésìn yín bá ní in, ohun tí ẹ máa rà fún ìdí rẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ihò lẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí kò bá ní in, ẹ ra aláìníhò. Àṣìṣe ibẹ̀ ló ń mú kí omi máa kán sínú kọ́bọ́ọ̀dù ìsàlẹ̀ láìmọ ibi tó ti wá.

Omi gbígbóná

Ẹ̀rọ tó ń mú omi gbóná lójú ẹsẹ̀ kò gba àyè, ṣùgbọ́n ó ń jẹ iná tó kílówáàtì 3.5 sókè. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí gbogbo wa ń pè ní "I better pass my neighbour" kò lè gbé e rárá, ọ̀pọ̀ ínfátà inú ilé náà kò lè gbé e. Ó tún ń retí agbára omi kan kó tó tan. Táǹkì tó rẹlẹ̀ lè má tó fún un. Oní-gálọ́ọ̀nù, tó ń tọ́jú omi pamọ́, ní sùúrù jù. Onílítà 50 tó ní kílówáàtì 1.5 máa gbé omi láti 27 dé 60 lórí ìwọ̀n Celsius láàárín nǹkan bíi wákàtí kan àti ogún ìṣẹ́jú, yúnìtì iná tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 2 ló máa jẹ. Ẹ tàn án nígbà tí NEPA bá mú iná wá, ẹ máa rí omi gbígbóná lò nígbà tí wọ́n bá mú un lọ. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbé e kọ́ láìsí wáyà ilẹ̀ àti fáàfù tó ń tú ooru sílẹ̀ bí ó bá le jù. Páìpù funfun PVC kò gba omi gbígbóná. PPR, páìpù ike tó ń gba ooru, ni kí wọ́n fi fa á.

Kí bíríkìlà tó rẹ́ ògiri

Ohun èlò kọ̀ọ̀kan, W.C., bésìn, shattaf (ọ̀pá omi ẹ̀gbẹ́ W.C. tí a fi ń fọ ìdí), ìgbóná-omi, gbọ́dọ̀ ní fáàfù kékeré tirẹ̀ tí a lè fi ti omi rẹ̀ pa. Shattaf ló ṣe pàtàkì jù, nítorí omi máa ń tì lọ́wọ́ nínú ọ̀pá rẹ̀ tọ̀sán-tòru. Bí ọ̀pá rẹ̀ bá bẹ́ nígbà tí ẹ wà ní ọ̀fíìsì, gbogbo táǹkì yín lè wá kún inú yàrá. Lẹ́yìn tí ẹ bá lò ó tán, fáàfù ni kí ẹ fi ti omi pa, kì í ṣe ọwọ́ rẹ̀ nìkan.

Nígbà tí pọ́ńbà bá parí páìpù, ẹ jẹ́ kí omi kún gbogbo rẹ̀, kí ó sì wà bẹ́ẹ̀ di ọjọ́ kejì kí wọ́n tó rẹ́ ògiri bò ó. Páìpù tó ń jò lábẹ́ táìlì ń ná èèyàn lówó púpọ̀ ju èyí tó ń jò níta lọ. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ́ tépù sára ògiri níbi tí páìpù kọ̀ọ̀kan wà, láti igun dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ àti láti ilẹ̀ sókè, ẹ yà á ní fọ́tò, kí nọ́ńbà tépù hàn. Mo yà ti ìyá mi. Nígbà tí a fẹ́ kan irin ìdìmú mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ W.C. rẹ̀ lọ́dún tó kọjá, kápẹ́ńtà gbé ẹ̀rọ ìdáhò rẹ̀ dání, ó ń wo ògiri táìlì funfun láìmọ ibi tó yẹ kó fọwọ́ kàn. Mo ṣí fóònù mi. Páìpù omi tútù wà ní sẹ̀ǹtímítà 62 sí igun ilé. Ó lu ihò tirẹ̀ sí 75.